Aláǹtakùn Inú Ihò: Èwo Ló Yẹ Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Fẹ́ Sìn Ín?

Bí àlejò bá wọ ilé ẹni tó ń sin aláǹtakùn ńlá inú ihò, ohun tó máa rí ni àpótí dígí kan tí iyẹ̀pẹ̀ kún ju ìdajì rẹ̀ lọ. Awo omi kékeré kan wà nínú rẹ̀. Èèpo igi kan dùbúlẹ̀ sí igun kan, ihò kan sì wà lábẹ́ èèpo igi náà. Kò sí ohun mìíràn tí ojú rí. Àlejò á bẹjú wò ó títí, á wá béèrè pé: "Ẹranko ọ̀hún dà?" Onílé á rẹ́rìn-ín, á ní: "Ó wà nílé."

Ibi tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ti ń kábàámọ̀ nìyí. Wọ́n ti rí àwòrán aláǹtakùn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú mirin bí aṣọ aró, tàbí èyí tí gbogbo ara rẹ̀ pọ́n bí ọsàn tó pọ́n dáadáa. Wọ́n san owó gọbọi, wọ́n gbé e wálé. Kó tó di ọjọ́ kẹta, ó ti wọ ilẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, oṣù kan kọjá, ẹnikẹ́ni kò rí i. Ọmọ tó bẹ bàbá rẹ̀ títí kí wọ́n tó rà á á bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún pé ó ti kú. Ni ẹnì kan nínú ilé á bá mú ṣíbí, á ní òun fẹ́ hú u wò. Ṣíbí yẹn ti da ilé aláǹtakùn púpọ̀ wó, ó sì ti ṣe àwọn kan léṣe tí wọn kò fi yè é.

Ní Amẹ́ríkà, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Jámánì àti láwọn orílẹ̀-èdè míì, kì í ṣe nǹkan àjèjì mọ́ pé kí ìdílé máa sin aláǹtakùn ńlá nínú ilé. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé níbẹ̀ náà ti ń bá a pàdé: ọmọ á ti iléèwé dé, á ní ọ̀rẹ́ òun ní ọ̀kan, òun náà ń fẹ́. Òbí tó dàgbà síbi tí wọ́n ti ń fi ìgbálẹ̀ lé aláǹtakùn kúrò lára ògiri lè má mọ ohun tó máa sọ. Ohun tó yẹ kí irú òbí bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé oríṣi àwọn aláǹtakùn ńlá yìí ju ẹgbẹ̀rún kan lọ láyé, ìwà wọn kò sì dọ́gba rárá. Èyí tí ọmọ bá na ìka sí nítorí àwọ̀ rẹ̀ lè jẹ́ èyí tó nira jù lọ fún ẹni tí kò sin irú rẹ̀ rí.

Tàràńtúlà ni wọ́n ń pe gbogbo ìdílé àwọn aláǹtakùn onírun yìí. Orúkọ náà ní ìtàn tó pani lẹ́rìn-ín. Ìlú Taranto ní Ítálì ló ti wá, níbi tí wọ́n ti gbà gbọ́ láyé àtijọ́ pé bí aláǹtakùn kan báyìí bá bu èèyàn jẹ, àfi kí onítọ̀hún jó títí ara rẹ̀ á fi yá. Aláǹtakùn ti Taranto yẹn kéré, kò sì bá àwọn tí à ń wí yìí tan lọ títí. Nígbà tí àwọn ará Yúróòpù dé ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n rí aláǹtakùn onírun tó tóbi bí àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà, orúkọ tó ti wà lẹ́nu wọn tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi pè é.

Ihò ni ayé rẹ̀

Àwọn kan lára àwọn tàràńtúlà ń gbé orí igi. Àwọn kan ń rìn kiri lórí ilẹ̀, wọ́n ń sá sábẹ́ òkúta tàbí sábẹ́ igi tó ti wó. Àwọn míì sì ń gbẹ́ ihò bí òkété, wọ́n lè lo gbogbo ọjọ́ ayé wọn nínú ihò kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ ká mú aṣálẹ̀ Sonoran, tó wà ní Arizona ní Amẹ́ríkà tó sì wọ ilẹ̀ Mẹ́síkò, ṣe àpẹẹrẹ. Aláǹtakùn kan wà níbẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Aphonopelma chalcodes. Irun ara rẹ̀ dà bí koríko gbígbẹ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí oòrùn bá ń jó ilẹ̀ lókè, abo rẹ̀ wà nísàlẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ti tutù tó sì lọ́rinrin díẹ̀. Tílẹ̀ bá ṣú, á gòkè wá sí ẹnu ihò, á gbé ẹsẹ̀ iwájú lé àwọn òwú tẹ́ẹ́rẹ́ tó ta sí ẹnu ọ̀nà. Kì í lé ẹran kiri. Bí kòkòrò kan bá kọjá tó fara kan òwú náà, òwú á gbọ̀n, aláǹtakùn á fò mú un, á sì wọ́ ọ wọlé. Ó parí.

Akọ kò rí bẹ́ẹ̀ tó bá ti dàgbà. Nígbà òjò ibẹ̀, láti nǹkan bí oṣù July, àwọn akọ máa ń fi ihò wọn sílẹ̀, wọ́n á máa wá abo kiri. Àwọn ni awakọ̀ máa ń rí tí wọ́n ń sọdá títì. Ẹni tó bá ń gbé Arizona lọ́dún mẹ́wàá lè rí ọgọ́rùn-ún akọ kó má rí abo kan péré, bẹ́ẹ̀ abo lè wà lábẹ́ ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé rẹ̀.

Bí ihò ṣe ṣe pàtàkì tó fún irú ẹranko yìí hàn gbangba ní Ọsirélíà. Lọ́dún 1974, obìnrin onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Barbara York Main bẹ̀rẹ̀ sí í fi nọ́ńbà sí ihò àwọn aláǹtakùn kan nínú igbó kan ní ìwọ̀ oòrùn orílẹ̀-èdè náà. Aláǹtakùn wọ̀nyí kì í ṣe tàràńtúlà gan-an, àmọ́ ìbátan wọn ni. Wọ́n máa ń ṣe ìdérí sí ẹnu ihò wọn. Ọdọọdún ló ń padà lọ wò wọ́n. Èyí tó gba nọ́ńbà 16 kò kúrò nínú ihò rẹ̀ láti kékeré. Ọdún 2016 ni wọ́n rí i pé agbọ́n kan ti dá ìdérí náà lu, aláǹtakùn náà sì ti kú. Ọmọ ọdún 43 ni. Ihò kan náà ló wà látìgbà tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n.

Ẹranko tí wọ́n dá báyìí, tí wọ́n bá gbé e sínú àpótí tí iyẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀ kò ju ìka méjì lọ, kò ní rí ibi sá sí. Á máa rìn yí ògiri dígí ká lóru, á máa gùn ún, á já bọ́. Ikùn tàràńtúlà sì rọ̀ bí ọ̀rá omi tí wọ́n ń tà lójú títì: bó bá já lulẹ̀ láti ibi tó ga, ó lè bẹ́. Àwọn tó ń sìn wọ́n sọ pé ìṣubú wà lára ohun tó ń pa wọ́n jù nínú ilé. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ pé òun fẹ́ sin aláǹtakùn inú ihò ṣùgbọ́n òun fẹ́ máa rí i ní gbogbo ìgbà, á dáa kó wá ẹja sìn.

Wèrèpè àti oró

Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ ya àwọn oríṣi yìí sọ́tọ̀ lójú ẹni tó fẹ́ rà ni apá ibi tí wọ́n ti wá láyé.

Púpọ̀ nínú àwọn tó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá, láti Texas títí dé Ajẹntínà, ní irun kan lórí ikùn tó ń yún ni bíi wèrèpè. Bí ẹ̀rù bá bà á, á fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbo irun náà, irun á fò sínú afẹ́fẹ́. Lára awọ, á máa yún ni, á wú díẹ̀, á sì lọ. Ti ojú ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Àwọn dókítà ní Leeds, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìtàn ọkùnrin ẹni ọdún 29 kan sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ojú rẹ̀ fi pọ́n, tó ń ṣomi, tí kò lè wo ìmọ́lẹ̀. Oògùn tí wọ́n kọ́kọ́ fún un kò ṣiṣẹ́. Ìgbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó ni wọ́n rí àwọn irun tín-ín-tín tó gún ẹyin ojú rẹ̀, tí wọ́n kéré débi pé kò ṣeé fi ohun èlò yọ. Ìgbà yẹn ni ọkùnrin náà rántí: ó ń nu àbàwọ́n kúrò lára dígí ilé tàràńtúlà rẹ̀, ó yíjú, ẹranko náà sì tu irun sí i lójú. Àwọn dókítà náà gbani níyànjú pé kí ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan irú ẹranko yìí máa wọ awò tó ń dáàbò bo ojú.

Àwọn ti Áfíríkà àti Éṣíà kò ní wèrèpè yìí lára. Ẹnu àti eré sísá ni wọ́n fi ń gba ara wọn. Oró wọn le ju ti àwọn ará Amẹ́ríkà lọ, wọ́n sì ń yára bí ẹni tí iná ń lé. Kì í ṣe pé wọ́n ń pa èèyàn. Kò sí àkọsílẹ̀ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé tàràńtúlà bu ẹnì kan jẹ tí onítọ̀hún sì tipa bẹ́ẹ̀ kú. Àmọ́ ìrora náà pọ̀, oró àwọn kan sì lè mú kí iṣan máa sún kì fún ọjọ́ mélòó kan. Ilé tí ọmọdé wà kọ́ ló yẹ kí wọ́n ti lọ dán an wò.

Ó ṣeni láàánú pé àwọn tó rẹwà jù nínú àwọn tó ń gbẹ́ ihò wà lápá ibẹ̀ yẹn. Cyriopagopus lividus ti Myanmar àti Thailand lẹ́sẹ̀ aláró tó ń dán. Ihò tó jìn gan-an ló ń gbé, inú sì ń bí i bí wọ́n bá wulẹ̀ ṣí ìdérí àpótí rẹ̀. Pterinochilus murinus ti apá ìlà oòrùn àti gúúsù Áfíríkà ní àwọn kan tó pọ́n bí ọsàn. Kò wọ́n, ó lágbára, kì í tètè kú, ìdí nìyẹn tí àwọn ọlọ́jà fi ń rọ́ ọ sọ́wọ́ àkọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu ọ̀sìn náà kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Ti ilé náà wà níbẹ̀. Nínú igbó Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, ìdílé kan wà tí wọ́n ń pè ní Hysterocrates. Wọ́n dúdú tàbí kí wọ́n pọ́n bí ilẹ̀ pupa, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wọn ki pọ́pọ́, ilẹ̀ tútù ni wọ́n sì máa ń gbẹ́. Ọkùnrin ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, R. I. Pocock, ló fún èyí tó lókìkí jù nínú wọn lórúkọ lọ́dún 1897: Hysterocrates gigas, tó túmọ̀ sí òmìrán. Wọ́n ń sìn ín káàkiri Yúróòpù. Ẹni tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà lè rò pé nígbà tó jẹ́ pé ọmọ ilẹ̀ wa ni, òun ló máa rọrùn jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan lára àwọn aláǹtakùn tí wọ́n ń pè ní aláǹtakùn ìnàkí ni, nítorí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn tó dà bí ìka ìnàkí. Ó yára, inú rẹ̀ kò dáa, ó sì lè lo oṣù mélòó kan lábẹ́ ilẹ̀ láìyọjú. Ẹni tó bá sì pàdé rẹ̀ lóko, kó fi í sílẹ̀ síbi tó wà. Kòkòrò ló ń jẹ, kì í wá èèyàn wá ilé.

Àwọn tó yẹ kó kọ́kọ́ wọlé

Ó wá ku àwọn tí ara wọn balẹ̀. Mẹ́ta ló yẹ kéèyàn fi ojú sí.

Àkọ́kọ́ ni Tliltocatl albopilosus, tó wá láti Nikarágúà àti Costa Rica, tí wọ́n ń tà lórúkọ Curly Hair nítorí irun ara rẹ̀ gígùn tó lọ́ kókó. Àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣe àwọ̀ tí wọ́n á fi ṣe kàlẹ́ńdà: ó dúdú, irun wúrà díẹ̀ wà lára rẹ̀. Àmọ́ ó ń jẹun dáadáa, ó ń tètè dàgbà ju àwọn méjì yòókù lọ, kì í sì í tètè bínú. Á gbẹ́ ihò bí wọ́n bá fún un ní iyẹ̀pẹ̀, síbẹ̀ á máa jáde jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Bí àṣìṣe díẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, bí omi bá pọ̀ jù tàbí tó bá kéré jù lọ́sẹ̀ kan, á fara dà á. Bí ìdílé kan bá máa mú ẹyọ kan péré, òun ni kí wọ́n mú.

Ìkejì ni Aphonopelma chalcodes ti Arizona tí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀, tí wọ́n ń tà lórúkọ Arizona Blonde. Ó ń rìn jẹ́jẹ́, ó fẹ́ràn ilẹ̀ gbígbẹ, abo rẹ̀ sì lè lo ọdún 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìfàsẹ́yìn kan ṣoṣo tó ní ni pé kì í tètè dàgbà rárá. Ọmọ rẹ̀ tó kéré bí ẹyọ ìrẹsì lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó tó nǹkan. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó ra èyí tó ti tóbi díẹ̀.

Ìkẹta ni ìbátan rẹ̀, Aphonopelma hentzi, tó wà ní Texas, Oklahoma, Arkansas àti àyíká wọn. Òun ni ọ̀jọ̀gbọ́n William J. Baerg ti Yunifásítì Arkansas fi ọ̀pọ̀ ọdún wò, kó tó gbé ìwé rẹ̀ The Tarantula jáde lọ́dún 1958. Aláwọ̀ ilẹ̀ ni, kò ní ẹwà kan tó yàtọ̀. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé Houston tàbí Dallas ò ní rìn jìnnà kó tó rí i ní igbó, àmọ́ rírí rẹ̀ ní igbó kì í ṣe ìwé àṣẹ pé kí wọ́n hú u wálé.

Wọ́n á tún fi Aphonopelma seemanni, onílà funfun lẹ́sẹ̀, han àkọ́bẹ̀rẹ̀ nílé ìtajà. Ó rẹwà lóòótọ́. Ó ń gbẹ́ ihò jìn, ó sì ń sá kùù bí wọ́n bá fọwọ́ kan ilé rẹ̀. Kí ó dúró di ẹ̀ẹ̀kejì.

Ọ̀rọ̀ orúkọ gba kéèyàn dúró díẹ̀. Àwọn Aphonopelma jọra wọn gan-an débi pé lọ́dún 2016, nígbà tí Chris Hamilton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún gbogbo àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà yẹ̀ wò, oríṣi 14 tí ẹnikẹ́ni kò tíì dá mọ̀ ni wọ́n rí láàárín àwọn tí wọ́n ti ń rí tipẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ń gbé nítòsí ọgbà ẹ̀wọ̀n Folsom ní California, àgbà akọ rẹ̀ sì dúdú kirikiri. Wọ́n sọ ọ́ ní Aphonopelma johnnycashi, ní orúkọ olórin Johnny Cash tó kọrin nípa ọgbà ẹ̀wọ̀n yẹn tó sì máa ń wọ aṣọ dúdú. Ohun tí èyí kọ́ oníbàárà ni pé orúkọ ọjà kò tó. Bí ọlọ́jà kò bá lè sọ orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe ẹranko tó ń tà, kí wọ́n bá ẹlòmíì ṣòwò.

Bákan náà, kí wọ́n béèrè ibi tó ti wá: ṣé inú ilé ni wọ́n bí i àbí igbó ni wọ́n ti mú un? Àwọn tàràńtúlà Mẹ́síkò tí orúnkún wọn pọ́n, tí wọ́n ń pè ní Brachypelma, ti fara gbọgbẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń hú wọn nínú igbó tà. Láti ọdún 1985 ni àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko igbó, CITES, ti bẹ̀rẹ̀ sí í dáàbò bo àwọn kan lára wọn. Abo kan tó gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó lè bímọ, bí wọ́n bá hú u lọ, ihò rẹ̀ á ṣófo fún ìgbà pípẹ́. Èyí tí wọ́n bí sínú ilé kì í sì í ní kòkòrò àfòmọ́ lára, ọjọ́ orí rẹ̀ kò ní fara sin.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí yìí ló mú kí akọ àti abo yàtọ̀ sí ara wọn nínú owó. Bí akọ bá ti bọ́ awọ ìkẹyìn tó di géńdé, kì í sábà ju ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ lọ mọ́. Ọmọ tí wọ́n ra àgbà akọ fún lọ́jọ́ ìbí rẹ̀ lè máa sin òkú kó tó di ọjọ́ ìbí tó tẹ̀ lé e. Ara awọ tí aláǹtakùn bá bọ́ ni wọ́n ti máa ń wò ó mọ̀ bóyá abo ni.

Iyẹ̀pẹ̀, omi, àti sùúrù

Ilé rẹ̀ kò náni lówó púpọ̀. Àpótí dígí tàbí ike tó ní ìdérí tó ń tì dáadáa, tí ihò afẹ́fẹ́ wà lára rẹ̀, ti tó. Iyẹ̀pẹ̀ ni kí wọ́n náwó lé. Àgbà tó ń gbẹ́ ihò ń fẹ́ ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sàn. Wọ́n lè lo iyẹ̀pẹ̀ ọgbà tí kò ní ajílẹ̀ tàbí oògùn kòkòrò, tàbí èèpo àgbọn tí wọ́n lọ̀ kúnná, tàbí kí wọ́n pò ó pọ̀. Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gírígírí, nítorí iyẹ̀pẹ̀ tó tú á wó lé e lórí. Àlàfo tó wà láàárín iyẹ̀pẹ̀ àti ìdérí kò gbọ́dọ̀ ju nǹkan bí ìlọ́po kan àbọ̀ gígùn aláǹtakùn náà, láti orí ẹsẹ̀ dé orí ẹsẹ̀. Ìyẹn ló ń gbà á lọ́wọ́ ìṣubú.

Kí wọ́n fi ọ̀pá tàbí ìka dá ihò kékeré kan sílẹ̀ fún un lábẹ́ èèpo igi, kí ó dagun díẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ á máa gbẹ́ ẹ lọ. Awo omi gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, kódà fún ẹni aṣálẹ̀. Fún Curly Hair, kí wọ́n máa da omi sí igun kan kí ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lè ní ọ̀rinrin. Iná tó ń gbóná kò yẹ lórí rẹ̀. Yàrá tó bá tu àwọn ará ilé lára ti tu òun náà lára.

Ìrẹ̀ kan tàbí aáyán kan lọ́sẹ̀ kan tàbí lọ́sẹ̀ méjì ti tó àgbà. Àwọn tí wọ́n ń tà fún oúnjẹ ẹran ọ̀sìn ni kí wọ́n rà; aáyán inú ilé ìdáná lè ti jẹ oògùn. Bí kò bá jẹ ẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò.

Ìgbà míì wà tí á fi gbogbo oúnjẹ sílẹ̀, á fi iyẹ̀pẹ̀ àti òwú dí ẹnu ihò, á sì wọlé sùn. Ìgbà yìí gan-an ni àwọn oníṣíbí máa ń dé. Ọ̀pọ̀ ìgbà, awọ ló fẹ́ bọ́. Á dùbúlẹ̀ ní ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ á kọjú sókè, ẹni tí kò mọ̀ á ní ó ti kú. Èyí tó ń kú kì í dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ńṣe ló máa ń ká ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ sábẹ́ ikùn. Nígbà tó bá ń bọ́ awọ, ara rẹ̀ rọ̀, eyín rẹ̀ rọ̀, ìrẹ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n gbàgbé sínú ilé rẹ̀ lè jẹ ẹ́ lára. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fún un ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí wọ́n tó tún fún un lóúnjẹ. Lọ́jọ́ kan, wọ́n á jí bá awọ tó ti bọ́ lẹ́nu ihò, pẹ̀lú ẹsẹ̀ mẹ́jọ tó pé, bí aṣọ tí wọ́n sọ sílẹ̀ fún alágbàfọ̀.

Ti gbígbé e lé ọwọ́ ńkọ́? Àwòrán rẹ̀ pọ̀ káàkiri, àwọn ọ̀dọ́ sì fẹ́ràn rẹ̀. Kò sí ohun tó ń ṣe ẹranko náà láǹfààní níbẹ̀. Kì í mọ olówó rẹ̀, kò fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ pa òun lára, láti ọwọ́ èèyàn tó dúró dé ilẹ̀ sì ga ju ohun tí ikùn rẹ̀ lè gbà lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé e kúrò níbì kan, ife ike àti páálí pẹlẹbẹ kan ti tó: wọ́n á da ife bò ó, wọ́n á rọra ti páálí sábẹ́. Àgbàlagbà ni kó ṣe é, kì í ṣe ọmọdé, kó sì fi awò sójú bó bá jẹ́ ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọwọ́ fífọ̀ lẹ́yìn náà kò ṣeé gbàgbé, kí ìka tó kan irun má lọ nu ojú.

Ta ló máa jogún rẹ̀?

Ìbéèrè kan wà tí ọlọ́jà kì í sábà béèrè. Ọmọ ọdún 11 tó ń bẹ̀bẹ̀ fún abo Arizona Blonde lónìí á ti di ẹni ọdún 36 nígbà tí aláǹtakùn náà bá pé ọdún 25 nínú ilé. Láàárín ìgbà náà, ọmọ á lọ sí yunifásítì, á ríṣẹ́ sí ìlú míì, ó lè gbéyàwó tàbí lọ́kọ, ẹni tó fẹ́ sì lè máà fẹ́ rí aláǹtakùn sójú. Màmá tó sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé "kò kàn mí" ni á máa pọn omi sínú awo kékeré yẹn. Ilé tí wọ́n bá háyà náà ní òfin tirẹ̀, àwọn onílé kan ní London kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn rárá, kí wọ́n tó wá gbọ́ ti aláǹtakùn.

Nítorí náà, kí wọ́n tó sanwó, kí àwọn ará ilé jókòó. Kí ẹni tó máa bójú tó o tí ọmọ kò bá sí nílé sọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu ara rẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ ra àpótí, kí wọ́n tẹ iyẹ̀pẹ̀ sí i, kí wọ́n gbé e sí ibi tí wọ́n fẹ́ kó wà, kí wọ́n sì máa wò ó fún oṣù kan láìsí ohunkóhun nínú rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bó ṣe máa rí náà nìyẹn. Bó bá ti sú ọmọ kó tó di ìparí oṣù, wọ́n á ti mọ̀.

Bí kò bá sú u, kí wọ́n lọ gbé e wá. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan àpótí náà àfi láti bu omi. Kí wọ́n pa iná yàrá lálẹ́, kí wọ́n fi iná kékeré kan sílẹ̀ lókèèrè, kí wọ́n jókòó jẹ́jẹ́. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, ẹsẹ̀ méjì á yọ lẹ́nu ihò.